Ọkàn Kì í Gba Àṣẹ: Ohun Tí Èso Calabar àti Egbò Asofẹ́yẹjẹ Fi Kọ́ni Nípa Ara

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ ní Accra níbí lórí bí ara ṣe ń darí àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀ láìbi wá léèrè. Èmi tí mo ń fi ẹ̀kọ́ nípa òògùn jẹun, ọ̀nà òògùn náà ni n ó gbà wọ inú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dé Black Star Square. Lọ́jọ́ 6 oṣù Kẹta, nígbà àjọyọ̀ òmìnira tí Ghana gbà ní 1957, àwọn ọmọ ilé-ìwé àti àwọn sójà a máa tò sórí ìlà nínú oòrùn. Ẹni tó bá ti wò ó rí kò ní ṣàì rí i kí ọmọ kan dédé máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, kí òógùn tútù bò ó, kó sì ṣubú lulẹ̀. Àwọn òǹwòran a ní ebi ló ń pa á. Àwọn mìíràn a ní ọ̀rọ̀ náà ní ọwọ́ ayé nínú. Ebi lè dá sí i, òùngbẹ lè dá sí i, ṣùgbọ́n ìdúró gan-an ni olórí ẹjọ́. Bí ènìyàn bá dúró láìmira, ó lé ní ààbọ̀ lítà ẹ̀jẹ̀ tí yóò ṣàn wá sí ẹsẹ̀, tí yóò sì jókòó síbẹ̀, nítorí ìrìn ni ẹran ẹsẹ̀ fi ń tì í padà sókè. Ooru náà tún ti ṣí àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ sílẹ̀ kí ara lè tutù. Ẹ̀jẹ̀ tó ń padà sí ọkàn a wá dínkù.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ kan wà nínú òpó ẹ̀jẹ̀ ọrùn àti nínú òpó ńlá tó jáde látinú ọkàn. Iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n máa wọn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń tẹ ògiri òpó náà sí. Bí ó bá ti rọ̀ díẹ̀, wọ́n a ránṣẹ́ sí ìdí ọpọlọ, ìdí ọpọlọ a sì pàṣẹ kí àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ fún ara wọn pọ̀, kí ọkàn yára. Gbogbo èyí kò gbà ju ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ lọ. Òun ló jẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ jí láàárọ̀ òní lè dìde lórí ibùsùn láìṣubú. Lára ọmọ tó wà nínú oòrùn yẹn, àṣẹ yìí a ṣiṣẹ́ títí, títí, lẹ́yìn náà yóò yí padà lójijì: ọkàn a falẹ̀, òpó ẹ̀jẹ̀ a tú sílẹ̀, ọpọlọ a sì wà láìní ẹ̀jẹ̀ tó. Ṣíṣubú rẹ̀ gan-an ló wò ó sàn, torí bí ó bá ti nà gbalaja, ẹ̀jẹ̀ yóò rọ́nà padà sókè. Nítorí náà, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Àwọn tó ń fà á dìde ní tipátipá, tí wọ́n ń bu omi sí i lójú, àwọn ni wọ́n ń fi àkókò rẹ̀ ṣòfò.

Ètò tó ń ṣe gbogbo èyí ni J. N. Langley, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Cambridge, sọ lórúkọ ní 1898: ètò iṣan ọpọlọ tó ń dá ara rẹ̀ darí. Ẹ̀ka méjì tó hàn jù lọ ló ní. Àwọn oníṣègùn ń pe ọ̀kan ní símpátẹ́tìkì. Láti àárín ògóòró ẹ̀yìn ló ti ń jáde, láti ibi àyà dé ìbàdí. Ẹ̀ka atanijí ni n ó máa pè é lónìí. Èkejì ni parasímpátẹ́tìkì, tó ń jáde láti ibi méjì tó jìnnà síra, láti ìdí ọpọlọ lókè àti láti ìpẹ̀kun ògóòró nísàlẹ̀. Èyí ni n ó pè ní ẹ̀ka amárarọ̀.

Àwọn àgbà wa tó wà ní ìlú yìí ní oṣù Kọkànlá 1969 kò nílò kí n ṣàlàyé ẹ̀ka atanijí fún wọn. Nígbà tí ìjọba Busia nílẹ̀ Ghana kéde pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹnu gbẹ, àyà ń lù kìkì, irun ara dìde, oorun fò lójú, oúnjẹ kò sì wọ̀. Ìkéde orí rédíò ni, kì í ṣe ẹkùn, ṣùgbọ́n ara kò mọ ìyẹn. Iṣan ẹ̀ka atanijí ti ju noradrenaline sí ara ọkàn àti òpó ẹ̀jẹ̀, àwọn ẹsẹ́ kékeré méjì tó gun orí kíndìnrín ti tú adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ ti ń kó ṣúgà jáde, ọ̀nà èémí ti là gbàràgàdà, ìfun sì ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ara ti múra láti sáré, nígbà tó jẹ́ pé ìwé àti ẹrù ni onítọ̀hún ń wá kiri.

Ẹ wá wo ẹni tó ti jẹ kẹ́ńkè àti ẹja díndín yó lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Itọ́ ń ṣàn, omi inú ikùn ń jáde, ìfun ń yí, ọmọlójú ti kéré, ọkàn sì ń lù wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ̀ka amárarọ̀ ló ń ṣe é. Iṣan kan tó ń jẹ́ vagus ló ń gbé bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iṣẹ́ ẹ̀ka yìí. Láti inú agbárí ló ti gba ọrùn sọ̀kalẹ̀ wọ ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró àti ikùn. Ohun tó sì máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn fọ́nrán rẹ̀ kì í gbé àṣẹ wá sísàlẹ̀ rárá. Ìròyìn ni wọ́n ń gbé láti inú lọ sókè.

Ẹ má rò pé ọ̀tá ni àwọn méjèèjì sí ara wọn. Bí a bá gé gbogbo iṣan kúrò lára ọkàn, yóò ṣì máa lù fúnra rẹ̀, bí ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú kan. Pé ó ń lù bí 70 bí a ṣe jókòó yìí, vagus ló ń dá a dúró. Nígbà tí ẹ bá dìde láti gun àtẹ̀gùn, ohun tó kọ́kọ́ ń ṣẹlẹ̀ ni pé vagus tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ̀ka atanijí tó gba iṣẹ́. Ìfun ní tirẹ̀ ní iṣan tó pọ̀ lọ súà nínú ògiri rẹ̀, ó sì lè ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ rán an níṣẹ́.

A kò lè pàṣẹ fún nǹkan wọ̀nyí. Kò sí ẹni tó lè ní kí ọmọlójú òun kéré kó sì kéré. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí àwọn iṣan yìí ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, etíkun tiwa sì ni ayé ti rí ọ̀kan nínú àwọn kọ́kọ́rọ́ tó ṣí i.

Ní Calabar, ní ilẹ̀ àwọn Efik láyé àtijọ́, wọ́n máa ń fi èso kan dán ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn àjẹ́ kàn wò. Esere ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀wà dúdú kan ni, ó tóbi ju ẹ̀wà jíjẹ lọ. Wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á pò ó mọ́ omi, olùjẹ́jọ́ á mu ún. Bí ó bá bì í, ó bọ́. Bí kò bá bì í, ikú ni, ìyẹn náà sì ni ìdájọ́. Dókítà kan tó ń jẹ́ W. F. Daniell kọ ìròyìn nípa rẹ̀ ní 1846. Ọdún yẹn náà ni àwọn míṣọ́nnárì ilẹ̀ Scotland dé Calabar, ọwọ́ wọn sì ni èso náà gbà dé Edinburgh. Ní 1855, ọ̀jọ̀gbọ́n Robert Christison jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ láti mọ ohun tí yóò ṣe. Nígbà tó rí i pé ara òun ń rọ jọ̀ọ̀, omi tó fi fá irùngbọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ náà ló gbé mu kó lè bì. Ó bì, ó sì yè. Bí a bá gbé e lọ síwájú àwọn àgbà Calabar, wọn ì bá ti dá a láre.

Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Thomas Fraser, fi èso yìí gba oyè dókítà ní 1862. Ọ̀rẹ́ Fraser, Argyll Robertson, dókítà ojú, kán omi èso náà sójú ara rẹ̀ ní 1863, ọmọlójú rẹ̀ sì kéré bí ojú abẹ́rẹ́. Ìtumọ̀ èyí tóbi. Ẹran róbótó kan yí ọmọlójú ká, ẹ̀ka amárarọ̀ ló ń fún un pọ̀. Àwọn ẹran mìíràn wà tó nà bí ìtànṣán, ẹ̀ka atanijí ló ń fi wọ́n fà á gbòòrò. Àwọn dókítà ti mọ atropine tipẹ́, ìyẹn òògùn tí ń mú ọmọlójú gbòòrò. Wọ́n wá rí èyí tó ń ṣe òdìkejì rẹ̀. Fraser lọ síwájú, ó fi hàn lára ẹranko pé atropine lè gba ẹni tí esere fẹ́ pa sílẹ̀. Ní 1864 àwọn ará Jámánì méjì, Jobst àti Hesse, yọ ògidì rẹ̀ jáde. Orúkọ méjì ni ògidì náà ń jẹ́ dòní, physostigmine àti eserine. Inú èkejì ni orúkọ Efik náà ṣì wà.

Síbẹ̀, fún bí ọgọ́ta ọdún, kò sí ẹni tó mọ ìdí tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1921, Otto Loewi, ní ìlú Graz ní Austria, mú ọkàn àkèré méjì. Ó fi iná mànàmáná fọwọ́ kan vagus tó wà lára ọ̀kan, ọkàn náà falẹ̀. Ó bu omi tó yí i ká sára èkejì, tí kò sí iṣan kankan lára rẹ̀, ìyẹn náà falẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé nǹkan kan ń jáde láti ẹnu iṣan. Wọ́n wá mọ̀ pé acetylcholine ni, èyí tí Henry Dale ti ń ṣiṣẹ́ lé lórí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1914. Àwọn méjèèjì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1936. Ní 1938 ìjọba Nazi ti Loewi mọ́lé nítorí pé Júù ni, wọn kò sì jẹ́ kó jáde nílùú títí ó fi fi owó Nobel náà lé wọn lọ́wọ́.

Ibí ni èso wa ti wọ̀ ọ́. Acetylcholine kì í pẹ́ rárá, torí ohun kan wà lẹ́nu iṣan, cholinesterase, tó ń gé e wẹ́wẹ́ bí ó bá ti jíṣẹ́ tán. Ẹ ronú nípa ọjà Makola bí àwọn agbálẹ̀ kò bá wá lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan: kò ní sí ibi tí ẹnikẹ́ni yóò pàtẹ sí. Ní 1926, Loewi àti Navratil fi hàn pé agbálẹ̀ yìí gan-an ni esere ń dè mọ́lẹ̀. Acetylcholine a wá kún ẹnu iṣan, a sì máa jíṣẹ́ kan náà lọ láìdúró. Itọ́ ń ṣàn, ikùn ń rú, ọmọlójú kéré, ọkàn ń falẹ̀, omi ń kún ẹ̀dọ̀fóró, ẹran ara tí a fi ń mí a sì rọ. Àwọn kan ní aláìṣẹ̀ a máa gbé e mu lẹ́ẹ̀kan náà, kí ikùn tètè kọ̀ ọ́, tí ẹlẹ́ṣẹ̀ a máa fi ẹnu tọ́ ọ wò díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi wọ ara. Ó dùn-ún gbọ́. Ṣùgbọ́n mo rò pé ọ̀pọ̀ aláìṣẹ̀ ló ti bá ẹ̀wà yẹn lọ.

N kò ní fi Percy Julian sílẹ̀ láìdárúkọ. Ọmọ-ọmọ àwọn ẹrú ni, ní Montgomery ní Alabama ni wọ́n ti bí i ní 1899. Òun àti Josef Pikl ló kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara wọn po physostigmine pátápátá nínú ilé àyẹ̀wò, ní DePauw University ní 1935, lẹ́yìn tí wọ́n ti já àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Oxford ní koro. Ọdún tó ṣáájú rẹ̀, dókítà obìnrin kan, Mary Walker, ti fi òògùn yìí gbé ìpéǹpéjú aláìsàn kan tí àìlera ẹran ara ń dà láàmú sókè ní Greenwich.

Agbálẹ̀ tí esere ń dè yìí kan náà ni DDVP ń dè, ìyẹn èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ òògùn ẹ̀fọn tí wọ́n ń pè ní ọ̀tapíapía nílé. Chlorpyrifos náà ń dè é, èyí tí àwọn àgbẹ̀ ń fún sórí ẹ̀fọ́. Ìwádìí kan tó jáde ní 2006 bá a lára púpọ̀ nínú lẹ́túùsì tí wọ́n rà ní ọjà Accra, Kumasi àti Tamale. Ìyàtọ̀ wà o: esere ń tú agbálẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, àwọn wọ̀nyí kì í fẹ́ tú u. Ní 2019 ni NAFDAC ní Nàìjíríà fòfin de ìgò kékeré DDVP lọ́jà, nítorí iye àwọn tó ń gbé e mu. Bí ẹ bá bá ènìyàn tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí ojú ń ṣomi, tó ń bì, tó ń yàgbẹ́, tí ọmọlójú rẹ̀ sì ti kéré, ẹ má fi epo pupa rọ ọ́, ẹ má fún un ní mílíìkì. Epo lè bá ọ̀nà èémí lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ bọ́ aṣọ tó ní òògùn náà lára kúrò, ẹ fi omi wẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì gbé e dé ilé ìwòsàn pẹ̀lú ìgò òògùn náà. Atropine ni wọn yóò gún un, wọn yóò máa gún un títí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ yóò fi gbẹ. Ohun tí Fraser rí lára ẹranko ní Edinburgh ni wọ́n ṣì ń lò.

Èyí tó kù ni egbò tiwa gan-an, asofẹ́yẹjẹ. Àwọn Akan ń pè é ní kakapenpen, wọ́n sì ń fi í se àgbo ibà. Nílẹ̀ Yorùbá, àwọn babaláwo àti oníṣègùn ti ń fi egbò rẹ̀ tọ́jú wèrè láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò rántí. Raymond Prince, dókítà ọpọlọ láti Canada tó bá wọn gbé ní agbègbè Abẹ́òkúta, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Amẹ́ríkà ní 1960: ẹni tó ń já ewé jẹ a mu ún, a sì sùn fọnfọn. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni reserpine. Iléeṣẹ́ Ciba ní Basel ló kọ́kọ́ yọ ọ́ jáde ní 1952, láti ara ìbátan igi náà tó wà ní India. Nígbà tó yá, igi ti Áfíríkà ni wọ́n gbójú lé láti rí i púpọ̀.

Ẹ̀ka atanijí ni òun ń bá jà. Ẹnu iṣan ẹ̀ka náà ní àwọn àpò wínníwínní tó ń kó noradrenaline pamọ́ sí. Reserpine a máa ti ilẹ̀kùn àpò mọ́, kò ní sí ohun tí yóò wọlé, èyí tó wà níta a sì bàjẹ́. Iṣan a fẹ́ jíṣẹ́, kò ní rí ohun tí yóò fi jẹ́ ẹ. Ẹ̀jẹ̀ ríru a lọ sílẹ̀, ọkàn a falẹ̀, imú a dí, ìgbẹ́ a sì rọ̀, torí ẹ̀ka amárarọ̀ nìkan ló ń dá ilé gbé. Ọpọlọ náà ń lo noradrenaline, ìdí nìyẹn tí ìbànújẹ́ fi máa ń mú àwọn kan tó lò ó pẹ́. Ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí àpò náà tó tún kún.

Àwọn dókítà kan wà tó ń fi asofẹ́yẹjẹ ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn tó ń tà á sì ń sọ pé ewé kì í pani. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò wọ̀ mí létí. Agbára rẹ̀ dájú, ìwọ̀n rẹ̀ ni kò dájú, torí egbò igi kan kò ní iye reserpine kan náà pẹ̀lú egbò igi kejì. Bàbá tó ń lo òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ilé ìwòsàn, tó tún ń mu àgbo yìí nínú kọ́ọ̀bù lálẹ́, yóò dìde láti lọ tọ̀ ní òru, yóò sì bá ara rẹ̀ nílẹ̀ ilé ìwẹ̀. Kò sí ẹ̀ka atanijí tí yóò fún òpó ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀. Ẹni tí àtọ̀gbẹ ti pẹ́ lára rẹ̀ lè bá ara rẹ̀ nínú irú ọ̀ràn yìí láìmu àgbo kankan, torí ṣúgà a máa ba àwọn iṣan kékeré wọ̀nyí jẹ́. Oúnjẹ a pẹ́ nínú ikùn rẹ̀, àìsàn ọkàn a sì lè kọ lù ú láìsí ìrora àyà tí ì bá kìlọ̀ fún un.

Mo fi ti ojú kẹ́yìn nítorí ibi tí a wà. Ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe ní Tema, lẹ́bàá ibí, tó jáde ní 2013, rí i pé nínú 100 ènìyàn tó ti pé ogójì ọdún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 7 tó ní glaucoma, àìsàn tó ń jẹ iṣan ojú láìdunni títí ojú yóò fi fọ́. Òògùn àkọ́kọ́ tó ràn án lọ́wọ́ ni èso Calabar. Ludwig Laqueur ní Strasbourg, tí glaucoma ń bá fúnra rẹ̀ jà, ló bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní 1876. Òògùn náà ń fún ẹran ojú pọ̀ kí omi inú ojú lè rọ́nà jáde. Lónìí, timolol wà lára èyí tí wọ́n ń kọ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ìhà kejì ló gbà wọlé: ó ń dí etí tí ojú fi ń gbọ́ ẹ̀ka atanijí, omi tí ojú ń pèsè a sì dínkù.

Ṣùgbọ́n omi òògùn ojú kì í dúró sójú. Ojú ihò kékeré kan wà ní kọ̀rọ̀ ojú lẹ́bàá imú, ibẹ̀ ni omijé ń gbà lọ sí imú. Bí timolol bá gba ibẹ̀ dé ẹ̀jẹ̀, yóò dí etí ọkàn àti ti ọ̀nà èémí pẹ̀lú. Ẹni tó ní ikọ́ fée (asthma), tàbí tí ọkàn rẹ̀ ń lù díẹ̀díẹ̀, gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà ojú kí wọ́n tó kọ ọ́ fún un. Ẹ̀yin tí wọ́n ti kọ ọ́ fún, ẹ̀kán kan tó, méjì kò ṣe ju ti ọ̀kan lọ. Ẹ di ojú, ẹ fi ìka tẹ kọ̀rọ̀ ojú náà mọ́ eegun imú fún ìṣẹ́jú méjì. Bí òògùn kejì bá wà, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó kán an.